Má Mí Sí I

Ní erékùṣù kan létí Girinilandi, níbi tí oòrùn ti í wọlé
tí a kì í fojú kàn án mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án,
Eskild Raun kọ́ mi bí a ṣe ń ka òtútù.
"Dá èémí rẹ dúró kí o tó súnmọ́ gíláàsì.
Èémí rẹ gbóná, yóò kọ́ ọ ní irọ́ pípa.
Má mí sí i."

Wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru,
nígbà tí ọ̀sán àti òru ti di ìbejì
tí ìyá wọn pàápàá kò lè dá mọ̀.
Ogójì ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ahéré dé ìdí àpótí funfun.
Mo kà á, torí okùn la máa ń dì mú lọ
bí ìjì bá ń da yìnyín lu ojú ẹni bí iyanrìn.

Mákúrì ló kọ́kọ́ dì. Ó dúró gbagidi bí ìṣó.
A gbé e tì, a mú gíláàsì ọlọ́tí jáde.
Mogens ní ìwà ìkà ni,
kí ọtí wà nílé kó jẹ́ òtútù nìkan ni yóò máa mu ún.
Mi ò tún gbọ́ àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Yíǹkì dì. Pẹ́ńsùlù la fi ń kọ̀wé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́,
nọ́ńbà ràgàjì bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.
Lọ́jọ́ tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́ láti fún nọ́ọ̀tì kan le,
awọ ìka mi méjì kò bá mi wọlé.

Ujarak tó ń fi ajá wọ́ ẹran séàlì wá fún wa
jókòó, ó ń wò wá, à ń wọlé, à ń jáde.
"Ṣé òtútù lẹ ń lọ bi ní iye tó jẹ́?
Ẹ tẹ́tí sí yìnyín lábẹ́ bàtà.
Tó bá ń ké bí ọmọ ajá, ẹ lè rìn.
Tí igbe rẹ̀ bá tín-ín-rín, ẹ dúró sílé."
Eskild rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀,
létí ìwé, níbi tí kò sí ìlà.

Eyín Mogens bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú oṣù kejì.
Ujarak gbé ẹ̀dọ̀ séàlì tútù fún un. Ó kọ̀,
ó ní òun kì í jẹ ohun tí iná kò tí ì rí.
Àwa tó jẹ ẹ́ la sin ín,
òkúta la kó lé e, ilẹ̀ kò lanu fún ṣọ́bìrì.

Ìwé náà ń bẹ. Ẹ ṣí i wò:
aago mẹ́wàá alẹ́, mọ́kànlélógójì lábẹ́ òdo.
Aago méjìlá, mọ́kànlélógójì.
Àárín ìlà méjèèjì ni Mogens kú sí.

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ní Kopẹnhágìn, ìwé ńlá, ẹ̀yìn aláwọ̀.
Àwọn ọ̀mọ̀wé ń rò ó pọ̀, wọ́n ń pín in,
wọn kò sì mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀
tí kò ti ọ̀run wá, tí kò ti afẹ́fẹ́ wá.
Aago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ kejìlélógún: ogójì géérégé.
Mi ò jáde. Orí ẹní mi ni mo ti kọ ọ́.

Eskild, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú dé kókósẹ̀,
bi mí láti inú òkùnkùn:
"Joakim, ṣé o dá èémí rẹ dúró?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kì í ṣe irọ́.
Lábẹ́ awọ béárì níbẹ̀ ni mo ti dá a dúró,
mi ò mí,
títí mo fi gbọ́ pé ó ti sùn padà.